Ọkọ̀ Kan Kò Gbọdọ̀ Gbéra Láìgbàṣẹ

Àpótí Ìfìwéránṣẹ́ 61,
Antonito,
Colorado.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 1987.

Ẹ̀gbọ́n mi Ramona ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú àdúrà tí ẹ ń gbà fún wa láti Pueblo. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé òtútù tó tètè dé lọ́dún yìí kò tíì mú un le? Ẹ bá mi béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ àti ti bàbá wọn. Àwa níbí wà láàyè, n kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgùntàn ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè. Ata tútù tí mo yan ti kún fìríìsà, ẹnu tí yóò jẹ ẹ́ ni kò ṣí dáadáa mọ́.

Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ní kí n dáná sun ojú irin orí tábìlì yẹn nítorí òun ló ba àbúrò yín jẹ́, kí n sì lé Orville àti Benito kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. N kò fèsì nítorí pé Delfino jókòó tì mí. Ẹnu rẹ̀ ló dákẹ́, etí rẹ̀ kò di. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ẹ kò tíì rí ojú irin náà láti ìgbà tó ti gba gbogbo yàrá ẹ̀yìn. Látìgbà tí wọ́n ti dá ẹrù dúró lórí ojú irin tóóró wa, tí wọ́n sì ní kí Delfino tó ń fi fóònù pàṣẹ fáwọn ọkọ̀ máa lọ sílé, ló ti ń kọ́ ọ padà sórí tábìlì: òkè tó fi efun mọ, afárá tó fi igi ìṣáná tò, ẹ́ńjìnnì tí kò ga ju ife kọfí lọ. Tí mo bá ṣírò rẹ̀, owó fìríìjì méjì àti ti òrùlé tuntun ló wà lórí tábìlì yẹn. Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Àmọ́ ọkùnrin tí kì í mutí, tí kì í ta káàdì, kí lèèyàn tún ń wá lára rẹ̀?

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni Orville tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé tẹ́lẹ̀ àti Benito oníbúrẹ́dì máa ń wá “síbi iṣẹ́”. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Delfino kì í bá wọn dúró. Inú yàrá kékeré tí a ń kó ọ̀dùnkún sí ló ń jókòó sí, á ti ilẹ̀kùn, á gbé fóònù tó fa wáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kì í rí ọkọ̀ kankan. Wọ́n á sọ ibi tí wọ́n dé fún un, á sì sọ ẹni tí yóò gbéra, bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an lójú irin ńlá. Ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò ní ibùdó láìgbàṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Benito kò ní sùúrù, ó wa ọkọ̀ tiẹ̀ lọ, ó pàdé ti Orville lórí afárá, ẹ́ńjìnnì kan já bọ́ sílẹ̀. Delfino ní, “Ẹ tún dán an wò! Màá dá yín dúró sójú kan títí ẹ ó fi kọ́ sùúrù.”

Ní Jímọ̀ tí àìsàn yìí dé, mo lọ ka rósárì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo dé, ilé pa lọ́lọ́. Àwọn méjèèjì dúró, oníkálukú ní ibùdó tiẹ̀, bí ère ẹni mímọ́.

“Ta ló kú?” ni mo bi wọ́n.

Benito fìka sẹ́nu. “Ẹ rọra, ìyàwó wa. Ọ̀gá ń fìyà jẹ wá.”

“Ìyà wo?”

“Ó gbé fóònù, a ń gbọ́ bó ṣe ń mí, àmọ́ kò fọhùn. Ó ń wò ó bóyá a máa gbéra láìgbàṣẹ.”

Orville ń rẹ́rìn-ín sínú. “Tọ̀tẹ̀ yìí, kò ní rí wa mú. Bílẹ̀ bá mọ́ bá wa, ẹ gbé kọfí wa wá síbí.”

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá ọ̀dùnkún. Delfino wà nílẹ̀ láàárín ọ̀dùnkún, fóònù wà létí rẹ̀.

Dókítà tó wà ní Alamosa ní rọpárọsẹ̀ ni, ó ní ká ní wọ́n tètè gbé e dé ni. Ó fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀. Orville gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kò ṣìkà. Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn wọ̀nyí, bí ó ṣe rán wọn gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹ.

Obìnrin tó ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ sọ fún mi pé ahọ́n rẹ̀ kò tíì kú tán. Ó ní kí n wá ohun tó wù ú jù láti sọ, pé ìyẹn lè fa ohùn jáde. Mo rò ó. Kí ni Delfino tún fẹ́ràn àtisọ ju “Ó yá, gbéra” lọ? Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì. Wọ́n kọ̀. Mo ní, “Ẹ má wá sunkún lẹ́nu ọ̀nà mi o, iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ wá ṣe!”

A fi àga onítáyà tì í wọ inú yàrá ọ̀dùnkún, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, mo fi fóònù sí ọwọ́ òsì rẹ̀.

“Ọ̀gá, mo wà ní ibùdó Osier,” ni Benito wí. “Ẹrù mi pé. Mo ń retí àṣẹ.”

Ètè Delfino ń mì. Iṣan ọrùn rẹ̀ le, òógùn bò ó. Ọ̀rọ̀ náà ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi tí mo ń sùn tì í, mo mọ ẹnu rẹ̀, ó ń bọ̀. Àṣé Orville kò lè fara dà á mọ́. Ló bá kígbe, “Ó ti sọ ọ́! Mo gbọ́! Gbéra, Benito!” Àánú ṣe Benito náà, ó tan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ lọ.

A gbọ́ ìró táyà irin lórí afárá. Delfino wò mí. Ó rọra gbé fóònù kalẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Ó mọ̀ pé òun kò tíì sọ nǹkan kan.

Láti ọjọ́ yẹn, kò gbìyànjú mọ́. Bí olùkọ́ rẹ̀ bá dé, ṣe ló ń pa eyín pọ̀.

N kò ní sun ojú irin náà. Ta ló ń dáná sun òrùlé tuntun? Ẹnì kan ń bọ̀ láti Denver wá wo àwọn ẹ́ńjìnnì, bóyá yóò rà wọ́n. Àwọn òkè efun kò lè gba ẹnu ọ̀nà jáde, Benito ni yóò wá fi ayùn gé wọn. Mo sọ ọ́ fún Delfino, ó dijú. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí yìnyín tó dí ọ̀nà òkè. Àmọ́ mo fẹ́ bẹ̀ yín sí nǹkan kan, ẹ má bínú sí mi: ẹ̀yin a máa bá èèyàn parí ọ̀rọ̀. Bí ó bá lanu níwájú yín, bó pẹ́ títí tí ẹ̀wà fi jóná lórí iná, ẹ má ràn án lọ́wọ́. Ẹ dákẹ́.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí Pádírè yín fún mi.

Èmi ni, ìyàwó yín tí ń retí yín,
Eufemia Archuleta.