Ṣúgà Ìyá Rẹ àti Òòfà Lọ́ńdọ̀nù

Ojúlé Akínyọdé,
Ìsarà Rẹ́mọ.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, 1984.

Láídé ọmọ mi,

O kú òtútù o, o sì kú iṣẹ́. Ọlọ́run tó mú ọ gòkè òkun ni yóò máa ṣọ́ ọ níbẹ̀, òyìnbó kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ wa. Ara mi le, àfi orúnkún ọ̀tún tó ń dún bí mo bá ń ti oko bọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni mo fẹ́ sọ. Obì so lọ́dún yìí débi pé ẹ̀ka kan já lulẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti kun ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọ̀dà funfun, alága ìgbìmọ̀ ní òun lòun sanwó ọ̀dà, gbogbo wa sì mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, abo ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ìyá rẹ kò fi ṣúgà mu ògì mọ́. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni. Ìwọ náà sáà mọ̀ pé kóró mẹ́rin ló máa ń jù sínú ife kan, bí mo bá sì sọ̀rọ̀ á ní ṣé ọ̀nà ọ̀fun mi ló ń gbà kọjá ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, ògì kíkan gbáá ló ń mu, tó ń fa ojú ro. Mo bi í, ó ní kò kàn wu òun ni. Ta ni kò wù? Àṣàbí tí mo fẹ́ láti ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn.

Jẹ́ kí n tún lẹ́tà rẹ sọ fún ọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi. O ní ẹ ní òòfà kan níbi iṣẹ́ yín tó ga ju àgbá omi òjò lọ, tó lágbára débi pé ẹ kì í mú kọ́kọ́rọ́ wọ yàrá rẹ̀. O ní jẹjẹrẹ tí ẹ gbà lára aláìsàn, ẹ máa ń dá a sí láàyè nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ ó fún un ní ṣúgà, ẹ ó sì ti ìgò náà bọ àárín òòfà. Òòfà á wá mú kí ohun tó wà nínú ìgò máa dáhùn, ohùn ṣúgà lọ́tọ̀, ohùn ohun tí ṣúgà dà lọ́tọ̀, ẹ̀yin á sì máa kà á lórí ìwé bí jẹjẹrẹ ṣe ń jẹun, láì là á, láì pa á. O ní ìwàǹwára ló fi ń jẹ ṣúgà ju ara tó dá ṣáṣá lọ, á sì sọ ọ́ di kíkan, irú kíkan tó wà nínú omi ògì gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn sókè. Ìyá rẹ ń bó obì lọ́wọ́, ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kẹrin.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ o, èdè wo ni wọ́n fi ń dáhùn? Bí ó bá jẹ́ ara òyìnbó ni ẹ ti gbà á, ó di dandan kó sọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n bá gbé ti ará Ìsarà wá ńkọ́, ṣé òòfà yẹn gbọ́ Rẹ́mọ? Ó yẹ kí ìwọ máa wà nítòsí láti túmọ̀. Àti pé nígbà tí mo wà ní sítáńdáàdì mẹ́rin, tíṣà kọ́ wa pé irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ṣé òòfà náà kì í fa ìwọ fúnra rẹ? Jọ̀wọ́, ẹnu ọ̀nà ni kí o máa dúró sí, kí o sì di ìlẹ̀kùn mú. Fámúyìwá alágbẹ̀dẹ tó kọjú sí ilé wa ní irọ́ ni, ó ní irin ni òòfà ń fà, kò sí irin nínú ṣúgà. Mo ní àìmọ̀wé ló ń dà á láàmú. Ó wá fún mi ní abẹ́rẹ́ kan pé kí n fi sínú lẹ́tà, kí o gbé e sún mọ́ òòfà náà, kí o sì kọ̀wé sọ bí ó bá fò. Mo ti fi bébà wé e, má jẹ́ kó gún ọ lọ́wọ́.

Ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyí tí mo gbé bírò sílẹ̀ láti lọ jẹun, mo sì tún bá ìyá rẹ nídìí ife ògì kíkan yẹn, tó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

O mọ ọwọ́ ìyá rẹ. Àwọn oníbàárà wa láti Kánò kì í tú agbọ̀n rẹ̀ wò, nítorí kó tó fi ewé bo obì, ìka rẹ̀ á ti kan gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò bá wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí ara rẹ̀ máa dán tó, á mọ̀. Bó bá sì ti rí ọ̀kan, kì í sọ, á kàn dákẹ́ jẹ́ẹ́ ni, á mú un yà sọ́tọ̀. Ìyẹn ni mo rántí. Mo bi í pé èwo ló rí. Kò purọ́ fún mi. Ó mú ọwọ́ mi, ó fi sí abíyá òsì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú. Kókó kan wà níbẹ̀, ó tó awẹ́ obì kan. Ó le, kì í dùn ún. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà Kérésì, nígbà tí òun sì gbọ́ lẹ́tà rẹ ni òun ní kí òun febi pa á.

Láídé, mo sunkún. Ìyá rẹ ní kí n wo ibòmíràn sunkún, kí n má da omi sórí obì òun.

Mo ní ká lọ sí ọsíbítù ní Ṣàgámù, ó kọ̀. Ó ní ọ̀bẹ ni dókítà mọ̀, obì tí wọ́n bá sì ti là kò ṣe é tọ́jú mọ́. Ó ní òòfà rẹ kì í la nǹkan, ìyẹn ni òun máa dúró dè, kí o máa gbé e bọ̀ nígbà tí o bá ń bọ̀. Mo ní ọkọ̀ wo ló máa gbé e láti Èkó, tí òòfà náà kò ní fa gbogbo irin ara ọkọ̀ yọ lójú títì? Kò gbọ́. Ọjọ́ méjì ni a fi ń fà á. Ìgbà tó yá ni mo bi í pé bí ará Kánò bá ń ṣiyèméjì, kí ni òun alára máa ń ṣe? Ó ní òun á mú ẹyọ kan, òun á là á lójú rẹ̀. Mo ní ṣé agbọ̀n bàjẹ́ nítorí ẹyọ kan yẹn? Ó bó obì títí ilẹ̀ fi ṣú, ó wá ní Ọjọ́bọ̀ dára, òun ń lọ sí ọjà Ṣàgámù lọ́jọ́ náà tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún dókítà àti oògùn, má sì jẹ́ kó gba báńkì. Ti ọjọ́sí, náírà ni akọ̀wé kà fún mi. Mo ní kì í ṣe èyí ni ọmọ mi fi ránṣẹ́, ti ọmọ mi ní orí ọbabìnrin lára, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Wádìí ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀. Bi àwọn ọ̀gá rẹ léèrè ohun tó yẹ ká ṣe, kí o sì kọ̀wé kíá. Bí o bá lè wá fúnra rẹ, wá. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ọwọ́ rẹ tó ń wá ìdí àìsàn kò ní rí àìsàn tìrẹ. Ohun tí o ń tẹ́tí sí á sọ àṣírí fún ọ. Ojú rẹ á bá wa láyé, èmi àti ìyá rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Akínyọdé.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. N kò tí ì lẹ lẹ́tà yìí pa, Ṣàgámù ni màá ti jù ú sí póòsì. Ìyá rẹ ti múra, ó ti wé gèlè, ó sì po ògì. Mo rí i tó ṣí agolo ṣúgà, ó ju kóró mẹ́fà sínú ife. Mo ní ṣé kò febi pa á mọ́ ni? Ó ní àwọn ti Ṣàgámù kò ní òòfà, etí àti ọwọ́ lásán ni wọ́n ní, bí ebi bá ń pa nǹkan yẹn á dákẹ́, wọn ò sì ní rí i. Ó ní kí ó jẹ, kí ó yó, kí ó máa pariwo, kí wọ́n lè mú un. Ó ní bí wọ́n bá mú un tán, òun á padà sórí mẹ́rin òun.