Ìdọ̀bálẹ̀ ní Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi pákò gún mi lẹ́yìn bí mo bá ń kí àgbà tí àyà mi ò kan ilẹ̀? Ẹ̀kọ́ yín yẹn fẹ́ẹ̀ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi. Inú yín ń bí mi díẹ̀, ẹ forí jì mí.

Sàfíyà ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Nọ́ọ̀sì ni níbí ní Jẹ́dà, èmi àti Yúnúsà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la sì jọ ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà. Ọmọ erékùṣù Mọ̀ríṣọ́ọ̀sì ni wọ́n, Mùsùlùmí bíi tiwa. Nígbà tí a gba ìsinmi, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ kí n lè fojú kan bàbá wọn. Bí bàbá náà ṣe jáde sí fàráńdà, n ò tiẹ̀ rò ó: mo na gbalaja sílẹ̀ níwájú wọn, tèmi ti kóòtù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá náà ti wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Yúnúsà ló ṣàlàyé pé lójú bàbá òun, mo ti forí balẹ̀ fún èèyàn, ohun tó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan. Mo ní ìdọ̀bálẹ̀ yàtọ̀ sí ìforíkanlẹ̀, pé iwájú orí mi ò kan ilẹ̀, ìkíni lásán ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá òun ní fún méjèèjì.

Kí ara bàbá lè rọ̀, Yúnúsà fi mọ́tò gbé èmi àti Sàfíyà yí erékùṣù náà ká, ká lè kí àwọn ẹbí. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n máa dúró ṣánṣán. Ilẹ̀ náà lẹ́wà, Bàbá, ṣùgbọ́n n ò gbádùn rẹ̀. Oko ìrèké ló lọ súà lọ́tùn-ún lósì, òkun ń yọjú láàárín. Lábúlé kan, ará Ṣáínà tó ni ṣọ́ọ̀bù tẹrí ba fún wa kó tó ta omi fún wa. Níbòmíràn, àwọn obìnrin tó dúdú bíi tèmi ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń fẹnu ko ara wọn lẹ́rẹ̀kẹ́, wọ́n ń sọ èdè tó jọ Faransé. Nílé ọ̀rẹ́ Yúnúsà kan tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Híńdù, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá àgbà wọn. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó mọ̀. Yúnúsà di ìgúnwọ́ mi mú pinpin. Gbogbo ará ilẹ̀ yẹn ló ń kí àgbà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, èmi nìkan ni mo dúró bí òpó iná. Sàfíyà kọjú sí fèrèsé nínú mọ́tò. Ṣé mo dójú tì í ni? N ò tíì bi í títí di òní.

A kúrò níbẹ̀, bàbá náà ò fún wa lésì. Lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n wá ṣe úmúrà, mo sì lọ bá wọn ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Ṣúbáíkà, ní Mẹ́kà. Mo bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, mo dúró. A jọ lọ kírun Àláásárì ní mọ́sáláṣí Hárámù, a forí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Bí a ṣe kírun tán, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

“Ṣèlérí fún mi níbí yìí pé o ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn kankan mọ́, kódà òbí tó bí ọ. Màá fún ọ ní Sàfíyà.”

Kí lẹ bá ṣe, Bàbá? Mo wo Káábà. Mo ní mo ṣèlérí.

Inú Sàfíyà dùn débi pé ó sunkún lórí fóònù. Inú tèmi náà dùn, n ò lè purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n Màámi ń bọ̀ wá ṣe háájì lọ́dún yìí, èmi ni màá sì lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfurufú. Láti ìgbà tí a ti sin yín, wọn ò tíì rí mi sójú. Wọ́n á gbé ẹrù wọn sílẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa retí kí n wólẹ̀ kí wọ́n lè súre fún mi. Wọn ò ní mọ̀ pé ìkíni wọn ni mo fi san owó orí ìyàwó.

Ta ni yóò sọ fún wọn, Bàbá?

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
lórí ìdúró.