Iléèwé Wo Ló Ń Kọ́ Tíṣà Bí A Ṣe Ń Ṣubú Sẹ́yìn?

Muslimah ọmọ mi,

Àsàlámù aléékù. Ṣé dáadáa lo wà ní Agbowó, ṣé àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá kò yọ ọ́ lẹ́nu? Àwa náà wà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ìyá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹun. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, ọ̀kan ṣe pupa.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Mo ń dá ọ lóhùn, o ò tiẹ̀ dúró gbọ́, ńṣe lo kàn ń sọ tìẹ lọ, mo ní ṣé ìgboro ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iléèwé Bódìjà tó gbà ọ́ síṣẹ́ yẹn ló gba oorun lójú mi. O ní ọmọ kankan kò tíì wọlé, ẹ̀yin tíṣà tuntun nìkan ni wọ́n ń dá lẹ́kọ̀ọ́. Tíṣà wo ló tún ń kọ́ ẹ̀kọ́? Kí wá lo lọ kọ́ ní yunifásítì? O ní tí ọmọ bá ṣì í, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. O ní wọ́n fi okùn gbé káàdì kọ́ yín lọ́rùn, bí àgbò iléyá. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n ní kí o dijú, kí o ṣubú sẹ́yìn, kí ẹni tí o ò mọ̀ rí gbá ọ mú. Mo ti gbọ́ nípa gbọ́mọgbọ́mọ, mi ò gbọ́ èyí tó ń kọ́kọ́ fún èèyàn ní káàdì rí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí obìnrin kan pè mí pé iléèwé yín ni òun ti ń pè, ṣé mo mọ Muslimah, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n rí. Mo ní ọkùnrin nìkan ni mo bí. Ìyá rẹ ń nawọ́ sí fóònù náà, mi ò gbé e fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan gun ọ̀kadà láti Àpẹ̀tẹ̀ wá bá wa ní Akùfọ̀. Ó ní Ọládàpọ̀ lorúkọ òun, tíṣà tuntun bíi tìrẹ ni òun, pé wọ́n rò pé irọ́ lo pa nípa bàbá rẹ, wọ́n sì ti fẹ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Ó yọ fóònù pé òun fẹ́ ya fọ́tò ilé wa lọ fi han iléèwé. Mo ní kó dúró ná. Àyànníyì, tí oko wa jọ pààlà, ń bọ̀ láti oko tòun ti àdá. Mo ní tó bá jẹ́ tíṣà yín ni lóòótọ́, kó dijú, kó ṣubú sẹ́yìn. Ó wò mí, ó wo àdá, ó dijú, ó sì ṣubú! Èmi àti Àyànníyì la gbá a mú, díẹ̀ ló kù kí ìbàdí mi yẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, pé ìwọ lo tiẹ̀ gbá òun mú lọ́jọ́ náà. Ìyẹn náà, mo fẹ́ gbọ́ àlàyé rẹ̀ lẹ́nu rẹ.

Ó wá ní kí n fọwọ́ síwèé bí onídùúró rẹ. Mo ní kí ni onídùúró ń ṣe? Ó ní tí o bá ṣe ohun tí kò dáa, èmi ni wọ́n máa wá bá. Mo ní gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́ ni mo ti wà lórí ìdúró yẹn. Mo fọwọ́ sí i. Ó ní iṣẹ́ ti di tìrẹ.

Jọ̀ọ́, tí owó oṣù bá dé, fi díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òróró ìpara fún ìbàdí mi. Má fi sí báǹkì o. Ẹ̀rọ wọn tó wà ní Dùgbẹ̀ gbé káàdì mi mì, kò tíì pọ̀ ọ́ di òní.

Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò tó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulrauf Àkànmú.