Páànù Detroit Tí Mo Fọ̀ Fún Àbúrò Yín

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú òjò àkọ́rọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi láti ibi tí mo wà yìí, kí wọ́n gbà pé àyà mi kan ilẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó rọra kà á, kó má sì fo ibi tí kò bá dùn mọ́ ọn. Mo kí àwọn ìyàwó ilé àti àwọn àbúrò mi. Mo kí ẹnikẹ́ni tó bá fa àga sún mọ́ yín láti gbọ́ ohun tí kò kàn án. Kó jókòó, kó gbọ́. Mo ti gbà kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde fún gbogbo ayé, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ló ń rán irú iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi.

Iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ní ẹbí ti jókòó, ẹ ní kí n di ẹrù Ańkù Rẹ̀mí, àbúrò yín, kí n mú wọn wá sílé kí ìbànújẹ́ ikú ìyàwó wọn má bàa pa wọ́n sí ìlú àjèjì. Ìyá mi, mi ò ní ṣe é. Ẹ ti ń sọ ọ́ láti kékeré mi pé orí mi le bí odó. Ó le lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bínú.

Láti ìgbà tí Àǹtí Bọ̀sẹ̀ ti kú, lásìkò tí ewé ń wọ́ lórí igi níbí, ilé wa ní ìlú Redan níbí dà bí ilé tó wà nísàlẹ̀ omi. Ohùn kì í dún níbẹ̀, ńṣe ló máa ń rọra léfòó kọjá. Ańkù á jókòó sídìí fèrèsé láti àárọ̀, wọ́n á máa wo àwọn igi gíga tí ewé wọn rí bí abẹ́rẹ́. Tíì wọn á tutù. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n gbàdúrà. Àwọn ọ̀rẹ́ láti mọ́sálááṣí náà wá, wọ́n gbàdúrà. Gbogbo ènìyàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Ańkù á ní àmín. Tí mo bá bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti jẹun, wọ́n á ní àmín. Tí mo bá ní mò ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á ní àmín. Wọn ò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, wọn ò sì sunkún lẹ́yìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tèmi ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìbùsùn àwọn ilé ìwòsàn ni mo ṣì wà. Gbogbo ibẹ̀ funfun, ooru omi gbígbóná á bo ojú, aṣọ á máa ti inú ẹ̀rọ fò jáde bí ọ̀wọ́ lékeléke. Nígbà mìíràn mi ò mọ̀ bóyá mo ti sùn lórí ìdúró. Mo máa ń gbọ́ ohùn yín níbẹ̀, ẹ̀ ń pe adìyẹ. Tí mo bá ń wa ọkọ̀ bọ̀ nílé, mo máa ń rí òkúta ńlá tí wọ́n fi sọ ìlú Stone Mountain lórúkọ, ó dá dùbúlẹ̀ sínú kùrukùru bí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ní báyìí, igi ti ń tanná, eruku rẹ̀ bo gbogbo nǹkan, ọkọ̀, àtẹ̀gùn, orí ajá, gbogbo rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi pé ẹnì kan da ìyẹ̀fun àgbàdo láti ojú ọ̀run. Mi ò ní ọ̀rẹ́ púpọ̀. Owó tí mo fi ránṣẹ́, òrùlé ilé ìdáná ni mo ní kí ẹ fi ṣe o, kì í ṣe aṣọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí Àlájì Múfú, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí òun àti Ańkù jọ jókòó lórí àga kan ní ilé ẹ̀kọ́ abúlé wa. Àlájì lọ kàwé ní Oklahoma, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ańkù lọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ní Detroit, títí Àǹtí fi ní yìnyín ti sú òun, tí wọ́n fi kó wá síbí. Àlájì náà kó wá, ó ń gbé ní Stockbridge, kò jìnnà sí wa. Ẹ mọ bí ará Èkìtì ṣe ń ṣe tí ẹnì kan bá fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iyán wọn, àti bí ará Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣe lórí ìkọ́kọrẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi písà àti bọ́gà ṣe níbí. Písà ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tòmátì àti wàrà sí lórí, àmọ́ wàrà ibí máa ń yọ́, kò dà bíi ti àwọn Fúlàní wa. Bọ́gà ni ẹran lílọ̀ tí wọ́n tẹ̀ pẹrẹsẹ sórí irin gbígbóná, tí wọ́n wá fi búrẹ́dì bò. Ibì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ti New York fẹ́lẹ́, wọ́n máa ń ṣẹ́ ẹ po bí ìwé kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ti Chicago jìn bí àwo ọbẹ̀. Ní Minnesota, inú ẹran ni wọ́n ń fi wàrà pamọ́ sí. Ti Detroit ní igun mẹ́rin, inú páànù irin dúdú ni wọ́n ń yan án sí, wàrà á sì jóná mọ́ ọn létí yíká. Ní Oklahoma, àlùbọ́sà tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ wọnú ẹran títí wọn á fi di ọ̀kan.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ abúlé kan náà, tí wọ́n jọ pọn omi odò kan náà, wá di ará Detroit àti ará Oklahoma, wọ́n sì ń bára wọn jà lé e lórí bíi pé baba ńlá wọn ló tẹ ibẹ̀ dó. Nígbà tí Àǹtí wà láyé, kò sí Sátidé tí wọn kì í jà á. Àlájì á ní kí ló dé tí oúnjẹ fi ní igun mẹ́rin, ṣé wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ni? Ańkù á ní ahun ló ń fi àlùbọ́sà bo ẹran, pé ní Oklahoma àlùbọ́sà ni wọ́n ń jẹ, òórùn ẹran ni wọ́n fi ń sìn ín. Àlájì á ní ẹni tó ń jẹ ohun tó jóná létí kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni. Ańkù á ní kó fi igun páànù sílẹ̀ nígbà náà, àwọn méjèèjì á sì na ọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹtí á máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi di ògiri mú. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé èwo ló dùn jù. Mo ní kò sí èyí tó tó ẹ̀kọ gbígbóná àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ ìyá mi nínú wọn. Àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ bú mi.

Lẹ́yìn ikú Àǹtí, Àlájì náà kọ́kọ́ wá fi ohùn jẹ́jẹ́ gbàdúrà bí àwọn yòókù. Àmọ́ ní Sátidé kan, ó wọlé, kò gbàdúrà, ó fìdí kalẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ pé Àǹtí ló ń se gbogbo oúnjẹ yẹn, pé ará Detroit tó wà nínú ilé yìí kò lè yan ẹ̀pà. Ańkù yí ojú kúrò lára fèrèsé. Wọ́n ní ìwọ Múfú, irọ́ lo pa. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí kì í ṣe àmín nìyẹn.

Kò pẹ́ tí ọmọ Àlájì fi bímọ ní Oklahoma, Àlájì àti ìyàwó rẹ̀ sì lọ bá wọn tọ́jú ọmọ. Ó pè mí láti ọ̀hún. Ó ní kí n máa bá òun bú ọ̀rẹ́ òun títí òun á fi dé, kí iná náà má kú. Mo ní èmi kẹ̀, Àlájì? Àgbàlagbà? Ó ní ṣé n kò ní ẹnu ni. Ó ní kí n dọ̀bálẹ̀ ná, kí n tó bú wọn, kò sẹ́ni tó máa tì mí mọ́lé.

Mo dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́. Mo ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ bú oúnjẹ ìlú yín. Ańkù ní àmín. Lọ́jọ́ kejì mo ra písà róbótó, mo ṣẹ́ ẹ po níwájú wọn bí ará New York, mo ní èyí ló dára jù. Wọ́n di ojú. Ìgbà yẹn ló yé mi pé èébú ọmọdé kì í gún àgbà. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí ìmú rẹ ń ṣàn nìkan ló lè bú ẹ kó dùn ẹ́.

Mo bá ní màá yan písà Detroit fúnra mi, màá sì bà á jẹ́ débi pé wọ́n á dìde gbà á lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Sunday tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá fi ọkọ̀ gbé Ańkù lọ, mo sọ páànù wọn kalẹ̀ lára ògiri. Irú páànù tí wọ́n máa ń kó ìdè irin ọkọ̀ sí níbi iṣẹ́ Ańkù ní Detroit ni, àwọn òṣìṣẹ́ ló mú un wọ ilé ìdáná. Ó wúwo, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń ní ìkòkò dúdú ń tú àṣírí ilé, tí ẹ máa ń jókòó tì mí pẹ̀lú eérú àti kàìnkàìn títí màá fi rí eyín mi nínú rẹ̀. Ojú tì mí fún Ańkù pé irú páànù bẹ́ẹ̀ ń bẹ lára ògiri wọn. Mo wá kàìnkàìn onírin, mo wá ọṣẹ, mò ń họ ọ́, mò ń kọrin, omi gbígbóná ń rú sókè, ó sì ń ṣe mí bíi pé etí odò ni mo wà, tí ẹ̀yin wà lẹ́yìn mi. Oòrùn rọra rìn kọjá nínú ilé ìdáná. Nígbà tí mo parí, páànù náà funfun bí òṣùpá. Mo gbé e sórí tábìlì kó lè pàdé wọn.

Ańkù wọlé. Wọ́n wò ó. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Wọ́n sunkún, ìyá mi. Wọ́n sunkún bí ọmọdé. Wọ́n ní dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Òróró ni, èyí tó ń jóná mọ́ ọn láti Sátidé dé Sátidé, ìpele lórí ìpele, ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án. Láti ìgbà tí wọn ò tíì ní àga ní Detroit, Àǹtí nìkan ló ń fi aṣọ nù ún. Wọ́n ní ọwọ́ Àǹtí ló wà lára rẹ̀.

Mo dojú bolẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, tí ẹ̀rù bá bà mí, òótọ́ ni ó máa ń já bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbé orí sókè díẹ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àṣé òótọ́ ni Àlájì sọ. Páànù ló ń se oúnjẹ yẹn, kì í ṣe ẹ̀yin.

Mo ti ń ro ibi tí màá sùn. Ańkù nu ojú, wọ́n ní ìwọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi Àdùnní yìí, ta lo rò pé ò ń bá sọ̀rọ̀? Wọ́n ní dìde níbẹ̀. Gbé òróró wá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A fi òróró pa á, a tì í sínú ààrò títí èéfín fi kún ilé, a mú un jáde, a tún pa á. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá wọn nídìí rẹ̀. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, eruku igi ń wọlé bí ìyẹ̀fun, Ańkù sì dúró láàárín èéfín, wọ́n ń pe orúkọ Àǹtí. Wọ́n ń sọ bí Àǹtí ṣe ṣubú sínú yìnyín àkọ́kọ́ tó rí, tó sì jókòó síbẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe mí nígbà míì bíi pé ẹni mẹ́ta la wà nínú ilé ìdáná. Páànù náà kúrò ní funfun, ó di àwọ̀ oyin. Kò tíì dúdú.

Písà àkọ́kọ́ tí wọ́n yan nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ó já jálajàla. Mi ò ní parọ́ fún yín, kò dùn. Àmọ́ Ańkù jẹ ẹ́ lórí ìdúró, wọ́n fi ṣíbí ha igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àlájì. Àlájì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ padà, ó ní ṣé oúnjẹ nìyí àbí ìjàǹbá ọkọ̀, ó ní kí a bá òun kí àwọn tó fara pa. Ańkù já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ tuntun yẹn jogún ẹnu bàbá àgbà rẹ̀. Wọ́n bú u títí oúnjẹ yòókù fi tutù, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní tútù.

Ìyá mi, ẹ bá mi sọ fún bàbá mi àti ẹbí pé kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ níbí. Tí wọ́n bá dé ilé, gbogbo yín lẹ máa káàánú wọn. Ẹ máa gbé àga tó dára jù fún wọn, àwọn ọmọdé á rẹ ohùn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kọjá, Ańkù á sì máa ṣe àmín títí wọ́n á fi kú. Níbí, wọ́n ní páànù tí kò tíì dúdú, wọ́n sì ní ọ̀rẹ́ tó ń padà bọ̀ wá bú wọn.

Àwọn fúnra wọn ní àwọn máa pè yín lọ́jọ́ Sunday. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sunkún sí wọn létí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ pọ̀n wọ́n, ẹ ní ẹ̀tọ́ tí èmi ò ní. Ẹ bú wọn dáadáa.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí òjò ọdún yìí ṣe yín lóore, kí iṣu yín ta, kí ilé má ṣófo, kí bàbá mi fi ojú wọn rí ọmọ ọmọ mi. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí ọ̀nà odò, ẹ kí olùkọ́ mi tí ẹ bá pàdé wọn lọ́jà.

Èmi ni ọmọ yín tó fọ ohun tí wọn ò rán an,
Àyìnlá.