Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Pè Nínú Fóònù

Ẹ̀yìn Ẹ́sítéètì Ìbà,
Ìbà, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́rú.

Adéfúnkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ooru Abùjá. Ọkọ rẹ ńkọ́? Tolúlọpẹ́ ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín rẹ̀ tó ń mì ti yọ? Ọlọ́run tó ń bomi rin koríko tí ẹnikẹ́ni kò gbìn kò ní gbàgbé ilé yín. Àwa náà wà níbí, ara le, adìẹ kan yé ẹyin mẹ́sàn-án ṣùgbọ́n alángbá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Yóò yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò lè gbé. Bí mo bá pè ọ́, o máa rẹ́rìn-ín kí n tó dé ìdajì, n ó sì pa á mọ́ ọ létí. Tíṣà wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mo ti ń kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ pé bébà kì í fi èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyí tí mo fi fún awakọ̀ kan ní Ìyànà Ìbà kó gbé e wá fún ọ. Jọ̀wọ́, fún un ní omi mu.

Ọmọ mi, ojú ń tì mí. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àmọ́ ẹ̀sín ti dé, ikú kò tíì dé, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́.

O rántí ẹgbẹ́ àwọn olóko ẹ̀yìnkùlé tí o fi mí sí nínú Wásáàpù lọ́dún tó kọjá, tí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá mi rèé, àgbà nínú iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ bá mi tọ́jú wọn. N kò já ọ kulẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kí n tó ṣí i láràárọ̀, mo ti wẹ̀, mo ti wé gèlè, nítorí èèyàn kì í ṣí orí sílẹ̀ wọ àárín àwùjọ. Mo ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ wọn. Lọ́jọ́ kìíní mo dé orí ẹnì kejìdínlógún kí dátà tó tán. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, mo máa ń da fóònù dojú bolẹ̀.

Wọ́n wúlò fún mi, n kò ní purọ́. Àwọn ló sọ fún mi ìdí tí òdòdó tòmátì mi fi ń já dànù kó tó so. Àwọn ló ní kí n máa gbin ẹ̀fọ́ sínú àpò sìmẹ́ǹtì nítorí omi tó máa ń dá sí ẹ̀yìn ilé wa. Èmi náà kọ́ wọn. Obìnrin kan ní Ìlọrin ní kòkòrò ń fa ewé ata òun, gbogbo rẹ̀ ń ká jọ, mo ní kó ku eérú iná igi sí i láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Ata náà jí, ó ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Màmá Ìbà. Tèmítáyọ̀, ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ní kí gbogbo wọn máa bi mí léèrè ọ̀rọ̀. Orí mi wú. Mo ń rìn ládùúgbò bí ẹni tó jẹ oyè.

Òjò ń bọ̀, koríko ti bo ẹ̀yìnkùlé, mo sì fẹ́ kọ ebè gíga kí omi tó dé. Mo rò ó pé kí ni ẹgbẹ́ wà fún? Láyé bàbá rẹ, bí o bá wà nínú ẹgbẹ́ àgbẹ̀, o ń ṣiṣẹ́ lóko oníkálukú; ọjọ́ tó bá kàn ọ́, o pe ọ̀wẹ̀, wọ́n á dé tọkọ́tọkọ́, ìwọ á sì bọ́ wọn. Mo ti ran àwọn yìí lọ́wọ́, ó kàn mí. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo pe ọ̀wẹ̀ ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, nílé mi lẹ́yìn Ẹ́sítéètì Ìbà, kí kálukú mú ọkọ́ tirẹ̀, oúnjẹ wà.

Kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na àtàǹpàkò sókè. Mo kà wọ́n sínú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá mi, wọ́n jẹ́ èèyàn méjìdínlógójì. Àwọn mẹ́fà nínú wọn fi ọkàn pupa ránṣẹ́. Mo ní àwọn yìí ló fẹ́ràn mi jù, ẹran méjì méjì ni tiwọn. Ọkùnrin kan fi ojú tó la ẹnu gbàgà ránṣẹ́, omijé ń bọ́ lójú náà pòròpòrò. Mo mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́, kò ní lè wá, mo sì gbàdúrà fún òkú rẹ̀.

Mo lọ sí Alábà Rágò, mo ra ṣàkì àti ẹsẹ̀ ẹran. Mo se ẹ̀wà ìkòkò ńlá méjì, mo se ọbẹ̀ ìkòkò kan. Àdìjá ará ilé kejì yá mi ní bẹ́ǹṣì mẹ́fà láti ilé-kéú ọkọ rẹ̀, mo sì sọ fún un pé kó wá wo ohun tí ìwé kíkà lè ṣe fún arúgbó.

Aago méje lù, n kò rí ẹnì kan. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ẹni tó bá gbé irin iṣẹ́ kọjá ni mo ń rẹ́rìn-ín sí. Bíríkìlà kan gbé ṣọ́bìrì kọjá, mo ní káàbọ̀, àwọn yòókù ńkọ́, ó ní màmá, ilé ẹlòmíràn ni mò ń lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Àdìjá yọjú lórí ògiri, ó ní ṣé òjò ló máa rọ̀ wọ́n sílẹ̀ ni. Mo ní ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́. Ó ní ọkọ̀ èèyàn méjìdínlógójì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé mẹkáníìkì ọ̀nà Badágírì á lówó lónìí. Irọ́ ni mo pa, Adéfúnkẹ́, ní ọjọ́ orí mi. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn ọmọ kéú ló wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ara wọn, wọ́n jẹ ẹ̀wà mi tán, wọ́n sì dá ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ní í ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ni mo fọ ìkòkò, èmi ni mo ru bẹ́ǹṣì padà, Àdìjá ń kà wọ́n.

Ká ní mo dákẹ́ níbẹ̀! Inú bí mi, mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, mo la ẹnu sí wọn. Mo ní ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, onímọ̀ràn tí kò ní ọkọ́. Mo ní Tèmítáyọ̀ kò rí ẹ̀kọ́ ilé kọ́. Mo ní ẹni tó bá nawọ́ tí kò wá, koríko ni yóò máa kórè. Lẹ́yìn náà mo tẹ ibi tí wọ́n ń gbà jáde, mo jáde. Ẹyin lohùn, n kò rántí títí ó fi balẹ̀.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá arúgbó kan ni, ọkọ́ wà léjìká wọn, wọ́n jù mí lọ dáadáa. Mo rò pé ìjà ni wọ́n bá wá, mo di ìgbálẹ̀ mú. Wọ́n ní Sàlàkọ́ lorúkọ àwọn, láti Òkòkòmáíkò, pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni àwọn. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni àwọn ti ń gba iná sí fóònù, ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan ni àwọn ń ṣí i, nítorí náà ìpè mi àti èébú mi, ìjókòó kan náà ni àwọn bá méjèèjì. Mo ní ẹ má bínú, bàbá. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ẹni tó bá pẹ́ dé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n máa ń bú, èébú náà tọ́ sí àwọn. Wọ́n bọ́ bùbá, wọ́n fi kọ́ igi ìbẹ́pẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè.

Nígbà tí wọ́n ń sinmi ni wọ́n là mí lójú. Wọ́n ní “a ti gbọ́” ni ìtumọ̀ àtàǹpàkò yẹn, kì í ṣe “à ń bọ̀”. Wọ́n ní ojú tó ń da omijé, ẹ̀rín ló ń rín. Mo ti wá gbàdúrà fún òkú ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín! Wọ́n ní ẹni mẹ́ta péré nínú ẹgbẹ́ ló ń gbé agbègbè Ọ̀jọ́ tiwa níbí. Ẹnì kan wà ní Kàdúná, òmíràn wà ní Kánádà níbi tí yìnyín bo ilẹ̀. Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Tèmítáyọ̀ ń gbé, inú ike ló ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí, kò ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹní. Ọmọ tí kò ní ilẹ̀ ni mo bú pé kò ní ọkọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ni àwọn ẹgbẹ́ sọ nígbà tí mo jáde. Èébú ni mò ń retí. Wọ́n ní Tèmítáyọ̀ ń béèrè bóyá ara Màmá Ìbà kò yá ni. Wọ́n ní obìnrin Ìlọrin yẹn bẹ gbogbo ẹgbẹ́ pé kí wọ́n wá mi, pé eérú mi ló gba oko òun là. Adéfúnkẹ́, ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn.

Ebè mẹ́rin ni bàbá náà kọ kí oòrùn tó mú. Ìkòkò mẹ́ta ni mo gbé kaná de àwọn tí kò mọ̀ pé mo ń dúró dè wọ́n. Ẹni tó wá, gàrí ni mo bù fún, kò tilẹ̀ sí ẹ̀pà. Wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n lọ, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, mo sunkún díẹ̀. Ọ̀wẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà lóòótọ́, èmi ni kò mọ irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ọkọ́ kò lè gba inú fóònù kọjá, ọgbọ́n ló ń gbà á. Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ òdòdó tòmátì fún mi ti ṣiṣẹ́ lóko mi tipẹ́tipẹ́, n kò sì fún un ní omi mu.

Bá mi wá owó dátà, àti owó káfíńtà tí yóò tún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣe kí Àdìjá lè dákẹ́. Bí ó bá kù díẹ̀, n ó fi ra irúgbìn ṣọkọ. Ṣùgbọ́n ohun tó tóbi jù kì í ṣe owó. Orúkọ rẹ ni mo fi wọ àárín wọn, orúkọ rẹ ni mo fi bàjẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ máa ń rán àgbà lọ bẹ̀bẹ̀. Àgbà ló ṣẹ̀ báyìí, ọmọ ni mo ń rán. Ya àwòrán ibi tí mo fa ìlà yí ká ní ìsàlẹ̀ yìí, fi ránṣẹ́ sí Tèmítáyọ̀. Má tún un kọ. Má sì bá mi sọ pé arúgbó ni, nítorí mo ti darúgbó kí n tó la ẹnu bú wọn.

“Tèmítáyọ̀ ọmọ mi, àti gbogbo ẹgbẹ́, èmi Àjíkẹ́ ti Ìbà ni. Mo bú yín lórí ohun tí ẹ kò ṣèlérí, mo sì gbàgbé ohun tí ẹ ti ṣe. Mo kúnlẹ̀ kọ ọ́, ẹ wo bí ìlà mi ṣe wọ́. Bí àyè bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí n wọlé padà. N ó jókòó lẹ́yìn, n ó máa gbọ́.”

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o ru ẹrù ìtìjú mi, ọmọ mi. Ohun tí o bá gbìn yóò hù lójú rẹ, ẹni tó bá rí i yóò bá ọ yọ̀. Bí wọ́n bá sì kọ̀, má fi pamọ́ fún mi. Kọ ọ́ sínú lẹ́tà, n ó kà á fúnra mi.

Ìyá rẹ,
Àjíkẹ́.