Ẹ̀wà Tútù Tí Bọ̀dá Sè Fún Màmá

                                        Ilé Màmá,
                                        Yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé,
                                        Ọjọ́ Ajé, oṣù Keje.

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi nínú òjò yìí? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí Màmá wà nínú ilé, etí wọn ò sì tíì di.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá ni. Lónìí, n kò ní pè é ní “wọ́n”. Bó bá dùn ún, kó wá bá mi. Láti ìgbà tí Màmá ti ọsibítù dé ló ti ń sọ pé wọn kì í jẹun, pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló yẹ ká gbé wọn lọ. Mo ní wọ́n ń jẹun. Ó ní òun máa wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí òun fojú ara òun rí i.

Màmá gbọ́. Wọ́n jí ní kùtùkùtù ọjọ́ náà, wọ́n lọ já ẹ̀wà tútù tí wọ́n gbìn sẹ́bàá ògiri, aláwọ̀ ewé yẹn tí a máa ń jẹ tèèpo-tèèpo. Wọ́n jókòó sí ìdáná, wọ́n ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n ń fa okùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò, wọ́n sì ń kọrin. Ó ti pẹ́ tí mo gbọ́ orin lẹ́nu wọn. O mọ bí wọ́n ṣe ń sè é: àlùbọ́sà, tòmátì, òróró díẹ̀, iná jẹ́ẹ́jẹ́, títí á fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀.

Bọ̀dá àti ìyàwó rẹ̀ dé, ó gba ìkòkò lọ́wọ́ mi. Ó ní à ń se ẹ̀fọ́ pa, pé òun ti rí i nínú fídíò bí àwọn ọ̀gá alásè ṣe ń ṣe é. Omi hó, ó da ẹ̀wà sí i, kí n tó yíjú ó ti kó o sínú omi yìnyín. Ó ń dán lóòótọ́, ó sì le koko. Mo ní, “Bọ̀dá, eyín àtọwọ́dá Màmá ò bá ẹnu wọn mu mọ́ látìgbà tí wọ́n ti rù.” Ó ní kí n yé ṣàríwísí.

Màmá rún un lẹ́nu títí, kò kúnná. Wọ́n rọra tu ú sínú áńkáṣíìfù. Wọ́n ní ó dùn, pé àwọn ti yó. Ni Bọ̀dá bá kọjú sí wa: “Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ fún yín.” Ó ní òun máa lọ fọwọ́ sí ìwé ní ilé ìtọ́jú náà níparí oṣù. Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, òun náà ò ní fojú kan oorun.

Bí wọ́n ṣe lọ, mo da ẹ̀wà náà padà síná, mo sè é bí Màmá ṣe ń sè é. Wọ́n jẹ àwo kan tán, wọ́n fi búrẹ́dì nu ìdí àwo. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún Bọ̀dá pé kò jinná. Wọ́n ní, “Níwájú ìyàwó rẹ̀? Kò se nǹkan fún mi rí láyé. Bó bá ní kí n lọ, màá lọ.” Wọ́n mú mi búra pé mi ò ní sọ fún un. Mo wọ balùwẹ̀, mo sunkún ìbínú.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi. Kí ìyá ọkọ rẹ náà gbọ́ pé mo kí wọn.

Èmi ti búra, ìwọ ò búra. Ọ̀rọ̀ rẹ sì máa ń wọ Bọ̀dá létí. Pè é kí oṣù tó parí. Sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń jẹun, àti pé wọ́n fẹ́ fi ilé wọn sílẹ̀ kí ojú má baà tì í níwájú ìyàwó rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tí ara rẹ̀ ò tíì rọ̀,
Ata-Rodo.