Ìka Tó Wọ Inú Aago

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le koko. Tísà tó ń ka lẹ́tà yìí fún Màmá, ẹ rọra kà á fún wọn o.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé aago tí à ń ṣe. Kò ní ọwọ́, kì í sì í dún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èéfín mẹ́kúrì, irin tó ń ṣàn bí omi, la há mọ́ inú agolo irin, bó ṣe ń gbọ̀n la sì ń kà láti mọ àkókò. Afẹ́fẹ́ tàbí ọ̀rá ò gbọdọ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń yan agolo náà lórí iná fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.

Lọ́jọ́ tá a ń to inú rẹ̀, ẹnì kan nínú wa gba lẹ́tà láti ilé. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ kó lè ṣí i, kó sì fìka kan ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó gbàgbé láti wọ̀ ọ́ padà. Ọ̀rá ìka kan ṣoṣo, Màmá, ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọ̀gá ò bú u. Ó ti sunkún tán, ó sì ti jẹun, ẹ má dààmú nítorí rẹ̀.

A ti tún bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mi ò ní lè wálé lóṣù tó ń bọ̀ mọ́. Kò sí láburú.

Tẹ́ ẹ bá ń fèsì, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín sísàlẹ̀ lẹ́tà kó hàn kedere, bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe. Òun ni mo ń gbọ́wọ́ lé láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi. Mo ti tẹ tèmi síbí. Ẹ gbé tiyín lé e.